Alẹ́ ọjọ́ kan péré n'Ìbàdàn: ibo ni kí n sùn sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Èkó ni mò ń gbé. Ìwé ìpè àgùnbánirọ̀ mi ti jáde, ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n gbé mi sí, àgọ́ wọn sì wà ní Yikpata. Ibi iṣẹ́ mi ò ní tú mi sílẹ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ wá sí Ìbàdàn, kí n sùn mọ́jú, kí n sì wọkọ̀ Ìlọrin láàárọ̀. Mi ò dé Ìbàdàn rí, èmi nìkan ni mo sì ń lọ. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ, ọkọ̀ inú ìlú àti ibi tí mo máa sùn ò ju ₦15,000 lọ. Ọ̀rẹ́ mi bá mi rí hòtẹ́ẹ̀lì kan lórí fóònù ní Challenge, ₦7,000. Èmi rí òmíràn nítòsí Ojóò, ₦10,000. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí Facebook láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sì ní kí n má náwó rárá, kí n wá sùn nílé òun ní Apẹ̀tẹ́, yàrá wà níbẹ̀. Màmá, èwo ni kí n mú? – Ọmọ yín, Èkó.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú oríire o. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire.

Ọ̀rọ̀ Apẹ̀tẹ́ ni ká kọ́kọ́ gbé kúrò nílẹ̀. Kọ̀wé sí ọ̀gbẹ́ni yẹn lónìí, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, sọ fún un pé o ti ríbi dé sí. Má sọ ibi tó jẹ́, má sì sọ àsìkò tí o máa wọ̀lú. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n, ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ nìyẹn. Ilé àlejò tó rí jákujàku jù lọ n'Ìbàdàn, ó ní ìwé tí wọ́n máa kọ orúkọ rẹ sí. Ẹnì kan jókòó sí káńtà, ẹlòmíràn sì wà ní yàrá kejì tó máa gbọ́ bí o bá lọgun. Nílé ọkùnrin tí o ò fojú kàn rí, ta ló máa gbọ́? Bó bá di aago 10 alẹ́ tí ara ń fu ọ́, ta lo mọ̀ ní Apẹ̀tẹ́ tí o máa sá lọ bá? Mo ní ọmọbìnrin méjì, ohun tí mo máa sọ fún wọn ni mò ń sọ fún ọ yìí.

Ó ku Challenge àti Ojóò. Ẹni tó bá wo owó nìkan á ní Challenge ni, ₦3,000 kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń lọ sí àgọ́. Àmọ́ wo bí ìlú yìí ṣe tẹ́ ná. Mọníyà ni ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò láti Èkó látọdún 2021 máa já ọ sí, ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ. Ìpẹ̀kun ìlú lápá òkè nibẹ̀ wà. Láti Mọníyà, Ojóò ló kàn, Ojóò yẹn náà sì lọ̀nà Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ti bẹ̀rẹ̀. Challenge wà ní ìpẹ̀kun kejì, lápá ibi táwọn tó gba títì wá láti Èkó ti ń wọ̀lú. Bí o bá lọ sùn síbẹ̀, o máa gbẹ́rù la gbogbo ìgboro kọjá lálẹ́: Ojóò, ẹnubodè Yunifásítì, Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀, títí o fi máa dé ọ̀hún. Láàárọ̀ kùtù, wàá tún gbẹ́rù gba ọ̀nà kan náà padà. ₦3,000 tí o rò pé o jèrè, àwọn onímọ́tò Micra ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ, bóyá kí wọ́n tún gbà lé e, nítorí lálẹ́, ẹni tó bá gbé àpótí dání, tó tún ń wò yàn-ùn, dírọ́ọ̀pù ni wọ́n máa pè é fún.

Ẹni tó bá fẹ́ fi Ìbàdàn ṣe ibùsùn, ọ̀nà tó máa gbà lọ́la ni kó fi wá ibi tó máa sùn lónìí. Bó bá jẹ́ Ifẹ̀, Iléṣà, Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́ lo ń lọ, Ìwó Road ni mi ò bá ní kí o sùn sí. Ìlọrin lo ń lọ, nítorí náà Ojóò ni, tàbí kí o sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí Orógùn tàbí Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn. Mo fẹ́ràn àdúgbò yẹn fún ọmọ tó bá dá rìn. Ó ti pẹ́ tí yunifásítì ti wà níbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ló sì ń gbé e ró: iná ṣọ́ọ̀bù kì í tètè kú, ẹni tó ń ta búrẹ́dì àti ẹyin wà lójú títì, bí ọmọbìnrin sì ń gbé báàgì kọjá lálẹ́, kò sẹ́ni tó máa dúró wò ó.

Ohun mìíràn tún wà tí o ò bi mí. Àwọn àgùnbánirọ̀ ní ilé tí wọ́n ti ń gba ara wọn sí: NCCF ni ti àwọn Kristẹni, MCAN ni ti àwọn Mùsùlùmí. Bí o bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, wá nọ́ńbà wọn n'Ìbàdàn kí o tó kúrò l'Ékòó, pè wọ́n, kí o sì sọ ọjọ́ tí o máa dé. Bí àyè bá wà, o lè sùn lọ́dọ̀ wọn láì ná tó ìdajì owó rẹ, wàá sì bá ẹgbẹ́ rẹ pàdé. Àmọ́ má kàn lọ já lù wọ́n lálẹ́ láìpè. Ilé àlejò wà nínú ọgbà yunifásítì náà, àwọn ìjọ kan sì ní tiwọn. Wọn kì í gbàgbàkugbà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń ti géètì ní wákàtí kan pàtó, nítorí náà bi wọ́n ní wákàtí yẹn kí o tó sanwó. Ọkọ̀ ojú irin lè pẹ́ lọ́nà.

Ká wá gbà pé ilé Ojóò yẹn lo mú. Ọdún 11 ni mo fi jókòó sí káńtà ilé àlejò kan nílùú yìí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ojú ewé yìí, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni màá fi bá ọ sọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọmọbìnrin kan wọlé, kò lè jù ọ́ lọ. Àpótí búlúù kan ló ń wọ́ nílẹ̀, táyà ẹ̀ kan ti yọ, ó wá ń ha ilẹ̀ táìsì wa, kìrìkìrì. Mo kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, mo gbowó, mo wá ké sí ọmọ tó ń tún yàrá ṣe, mo ní, "Mú àǹtí lọ sí 9." Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń mu bíà. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Aago 1 òru kọjá díẹ̀, fóònù káńtà dún. Yàrá 9 ni. Ohùn ọmọ yẹn wálẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ fóònù mọ́ etí. Ó ní ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà òun, ẹni yẹn sì ń sọ pé wọ́n rán òun wá tún fáànù ṣe. Ta ló ń tún fáànù ṣe láago 1 òru? Èmi àti ọlọ́dẹ gun àtẹ̀gùn lọ. A ò bá ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tútù wà nílẹ̀ kọ́rídọ̀, ó wá láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń mutí, ó dúró gan-an níwájú 9. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn ti gbó nígbà náà, bí èèyàn bá mi í dáadáa, ó máa ń ṣí. Bóòtì tó wà lókè rẹ̀, irin kan tó nípọn tó àtàǹpàkò mi, tí ọmọ náà ti fà kó tó sùn, òun ló yọ ọ́.

Láàárọ̀, ó wá dá kọ́kọ́rọ́ padà. Kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ló ṣe mọ yàrá mi?" Mi ò lè dá a lóhùn. Èmi ni mo sọ fún un. Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi fibẹ̀ sílẹ̀, mi ò pe nọ́ńbà yàrá síta mọ́. Orí bébà kékeré ni mò ń kọ ọ́ sí, màá sì tì í síwájú àlejò.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí ẹni tó wà ní káńtà bá pe nọ́ńbà yàrá rẹ sókè tí èèyàn wà nítòsí, sún mọ́ ọn, sọ jẹ́jẹ́ pé kó fún ọ ní òmíràn. Kì í ṣe ìyájú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé, "Ṣé ẹ̀yin nìkan ni?" dáhùn pé ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀ láìpẹ́. Irọ́ ni, mo sì fọwọ́ sí i. Gba nọ́ńbà fóònù káńtà kí o tó gòkè, bí ẹnikẹ́ni bá sì kan ilẹ̀kùn, má ṣí i, pe káńtà kí o bi wọ́n bóyá àwọn ló rán an.

Má sanwó kí o tó rí yàrá. Ibi tó bá kọ̀ láti fi yàrá hàn ọ́, yí ẹsẹ̀ padà. Àwòrán tí o rí lórí fóònù yẹn, ọjọ́ tí wọ́n ṣílé ni wọ́n yà á. Bí o bá wọ yàrá, ilẹ̀kùn ni kí o kọ́kọ́ wò, má tíì wo bẹ́ẹ̀dì. Tì í láti inú, fà á, mì í. Ṣé bóòtì wà? Ṣé ìṣó tó dè é mọ́ igi dúró dáadáa? Bí o bá máa sùn, fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀, kí o yí i díẹ̀, ó máa ń ṣòro kí wọ́n tó lè fi èkejì rẹ̀ ṣí i látìta. Lẹ́yìn ìyẹn, fèrèsé. Bó bá jẹ́ onígíláàsì wẹ́wẹ́, tí kò sì sí irin lójú rẹ̀, àti àgbà àti ọmọdé ló lè yọ gíláàsì yẹn níkọ̀ọ̀kan. Bèèrè yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó má kọjú sí ibi ọtí, kó má sì jẹ́ èyí tó dá wà lópin kọ́rídọ̀.

Wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wọn wà pẹ̀lú, mo bẹ̀ ọ́. Èéfín rẹ̀ tó ń pani kì í rùn, kò sì ní àwọ̀, àfẹ́fẹ́ ló ń gbé e gba ojú fèrèsé wọlé bí o ṣe ń sùn lọ. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ bá dojú kọ jẹnẹrétọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, má gbà á. Nígbà tí o bá ń bi wọ́n léèrè, bi wọ́n ní aago tí wọ́n ń tàn án àti èyí tí wọ́n ń pa á. Ọ̀pọ̀ ilé tí owó wọn mọ níwọ̀n máa ń pa á lóru, nítorí náà fi fóònù sí iná gbàrà tí o bá wọlé.

Gbé igun fóòmù sókè, kí o fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ojú rírán rẹ̀. Bí o bá rí tótòtó dúdú bí ẹnu abẹ́rẹ́ tó tò tẹ̀lé ara wọn, ìdun ni, kí wọ́n pààrọ̀ yàrá. Àga ni kí o gbé àpótí lé, má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, kí o má bàa ru ìdun lọ sí àgọ́. Ní kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lójú rẹ. Bí ìyá rẹ bá ní ìró tó ti gbó, mú un dání, tẹ́ ẹ lé e lórí. Ṣí omi ẹ̀rọ wò, bí kò bá yọ, kí wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì wá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun kan tún wà tó ń fi ilé hàn kíákíá. Bí o bá rí i pé iye owó wákàtí méjì-méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ṣọ́ọ̀tì táìmù ni òwò wọn. Ilẹ̀kùn á máa ṣí, á máa pa títí ilẹ̀ á fi mọ́, èèyàn tí ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀. Má bá wọn jà, má bú wọn, ṣáà jáde, wá ibòmíràn.

Ní ti owó, bó bá jẹ́ pé wàá fi ránṣẹ́ láti báǹkì, wo orúkọ tó jáde. Orúkọ ilé yẹn ló yẹ kó jẹ́, kì í ṣe ti ọmọ tó wà ní káńtà. Gba risíìtì kí o tó gba kọ́kọ́rọ́. Ya àwòrán pátákó iwájú ilé náà, fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá. Ìwé ìpè rẹ àti ìwé ẹ̀rí iléèwé rẹ, má fi wọ́n sínú àpótí tó ní ṣọ́ọ̀tì funfun àti kánfáàsì. Báàgì tó máa wà lára rẹ ni kí o fi wọ́n sí, kí o sì gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí wọ́n bá gbé kánfáàsì, a ó ra òmíràn. Bí wọ́n bá gbé ìwé yẹn, ìrìn àjò parí. Nínú oríkì Ìbàdàn, a máa ń sọ pé níbi tí olè gbé ń jàre olóhun, àmọ́ a tún máa ń kì í pé Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì. Méjèèjì ni mo ti rí.

Bí o bá sọ̀kalẹ̀ ní Mọníyà, má tẹ̀ lé ẹni tó bá ń fa àpótí mọ́ ọ lọ́wọ́. Bá àwọn èrò jáde, wọ ọkọ̀ tí àwọn ìyá bá ń wọ̀ lọ sí Ojóò, sọ orúkọ ibi tí o máa sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó ti ń débẹ̀ tipẹ́. Jẹun kí o tó wọ yàrá. Àmàlà Ìbàdàn pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, o ò gbọdọ̀ kọjá níbí láìtọ́ ọ wò, inú rẹ á sì balẹ̀ sùn.

Láàárọ̀, inú gáréèjì ni kí o ti wọkọ̀ Ìlọrin, má wọ èyí tó ń kó èrò lẹ́bàá títì. Inú gáréèjì ni wọ́n ti ń kọ mánífẹ́ẹ̀sì: orúkọ rẹ, nọ́ńbà rẹ, àti ti ẹni tí wọ́n máa pè. Kọ ti ìyá rẹ sí i. Nǹkan bí 160 kìlómítà ni Ìlọrin sí Ìbàdàn, Yikpata sì tún wà níwájú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Edu. Bí o bá ti wà ní gáréèjì nígbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń kún, ojú mọmọ lo máa fi wọ àgọ́. Àjọ àgùnbánirọ̀ fúnra wọn máa ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má rìn lóru, ohun tí o ṣe yìí dára gan-an. Kọ̀wé sí mi bí o bá dé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àkúrẹ́ ni mo ti ń wá, Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni mo ti ń ra àdìrẹ. Ọkọ̀ mi sábà máa ń dé Ìwó Road ní aago 9 alẹ́. Ṣé ó burú bí mo bá sùn sí gáréèjì kí n lè fi owó yẹn ra ọjà? – Aláṣọ, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ọ̀gá mi. Ó burú, sà. Ẹ ò ní sùn, ẹ kàn máa dùbúlẹ̀ lórí owó ọjà yín ni, gbogbo gáréèjì ló sì mọ̀ pé aláṣọ tó ń lọ sí Ìtòkú gbé owó dání. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọmọ òkè yẹn pé ọ̀nà ọ̀la ni kó fi wá ibùsùn. Àpáta àti Omi-Àdìó ni ọ̀nà Abẹ́òkúta gbà, ìyẹn wà ní òdì kejì ìlú sí Ìwó Road. Ṣùgbọ́n tiyín yàtọ̀, torí ilẹ̀ ti ṣú kẹ́ ẹ tó dé, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbé owó la ìgboro kọjá ní wákàtí yẹn. Ẹ wá yàrá sí tòsí Ìwó Road, ibi tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ibi tẹ́ ẹ ti bọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa lo ilé kan náà nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ń kọjá. Ẹni tó bá ti mọ̀ yín lójú máa ń bá yín dín owó, á sì bá yín fi yàrá pamọ́ bẹ́ ẹ bá pè é láti Iléṣà. Owó ọjà, ẹ jẹ́ kó wà ní báǹkì títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta àdìrẹ fún yín, kí owó ọkọ̀, ti oúnjẹ àti ti yàrá nìkan wà lápò.